Ta Ló Tò Ó? Bí A Ṣe Ń Wá Ọwọ́ Tó Ṣe Mọ́tò Kékeré Tí Kò Lórúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe wá bá mi, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe eléyìí?", èmi náà á bi í padà pé èwo nínú àwọn mẹ́ta ló ń wá. Èèyàn mẹ́ta tí wọn ò ríra rí lè ti pawọ́ pọ̀ ṣe mọ́tò kan ṣoṣo. Ẹni àkọ́kọ́ ló gbẹ́ àwòṣe, bóyá idẹ ló fi gbẹ́ ẹ, bóyá pákó. Ẹnì kejì ló fi àwòṣe yẹn ṣe mọ́ọ̀dù, ló da irin tàbí rẹ́sìn (irú ike olómi tó máa ń le) sí i, ló kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, ló tà á ní kíìtì. Ẹnì kẹta ra kíìtì náà, ó gbé e sórí tábìlì nílé, ó fi sáńpépà ha á, ó tò ó pọ̀, ó fín in ní ọ̀dà. Orúkọ tó bá wà lábẹ́ mọ́tò, tó bá tiẹ̀ wà rárá, ti ẹnì kejì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnì kẹta kì í sábà kọ orúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iye owó mọ́tò náà gùn lé. Kíìtì kan náà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á tò tí ẹnikẹ́ni ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀gá kan á tò tí àwọn olùkójọ á máa bá ara wọn dù ú ní gbàǹjo.

Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni mo kọ́. Mókọ́lá ní Ìbàdàn ni mo ti ṣe ọmọṣẹ́, gúúsù London ni mo ti ń ṣe é báyìí. Mọ́tò ńlá ni mo ń kùn lọ́sàn-án, àwọn kékeré ni mo ń tún ṣe lálẹ́. Tí ẹ bá wá rí i pé mo pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Àwọn mọ́tò tí mo mọ̀ jù ni ti ìwọ̀n 1/43, ìyẹn ni pé gígùn mọ́tò gidi jẹ́ ìlọ́po mẹ́tàlélógójì tirẹ̀. Ara rélùwéè kékeré àwọn òyìnbó ni ìwọ̀n yìí ti wá: ní England, mìlímítà 7 ni wọ́n fi ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan nínú O gauge, ìṣirò yẹn ló sì bọ́ sí nǹkan bíi 1/43. Láti ọdún 1970 síwájú ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí gbilẹ̀ ní England, ní Faransé àti ní Ítálì. John Day wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ta kíìtì mọ́tò ìje tí wọ́n fi irin rírọ̀ dà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn míì yọ lọ́tùn-ún lósì, òmíràn nínú gáréèjì, òmíràn nínú yàrá abẹ́ ilé. Ìdí tí orúkọ fi ń sọnù nìyẹn. Iṣẹ́ ilé ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ìwé àkọsílẹ̀.

Ẹ má tíì fọ̀ ọ́

Aṣọ ìnulẹ̀ àti omi ọṣẹ ló ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù. Ẹni tó bá ra mọ́tò tí eruku bò, nǹkan àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á sáré sí ni kó nù ún. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sábẹ́ rẹ̀ lè pa rẹ́. Sítíkà tó ti gbẹ lè ṣí kúrò. Eruku pàápàá ń sọ̀rọ̀: tí gbogbo ara mọ́tò bá ní eruku ogún ọdún, tí táyà kan wá mọ́ tónítóní, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìyẹn ni.

Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, lókè àti lábẹ́, kí rúlà wà nínú fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí iná náà máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tí ojú ò rí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á yọ síta: ibi tí wọ́n ti fi nǹkan dí ihò, ìlà tí wọn ò ha tán, lẹ́tà tí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ ya. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, kálípà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò àti súkúrù-dráfà tó bá ojú súkúrù mu gẹ́lẹ́, irinṣẹ́ náà kò jù báyẹn lọ. Mo tẹnu mọ́ súkúrù-dráfà nítorí èyí tí kò bá ojú súkúrù mu á ha á, ẹni tó bá wá rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á sì mọ̀ pé wọ́n ti tú u.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Tó bá wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ, tó sì tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ white metal, ìyẹn àdàlù tánganran, òjé àti antimony. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n ti yọ òjé kúrò. Iná díẹ̀ báyìí ti tó láti yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dà á sínú mọ́ọ̀dù rọ́bà tí ẹ̀rọ ń fi yípo kíkankíkan kí irin náà lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ tàbí inú rẹ̀: ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí apá méjì mọ́ọ̀dù ti pàdé. Ibi tí ọ̀dà ò dé máa ń jẹ́ àwọ̀ eérú tó ń dán díẹ̀, èékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀ ọ́.

Rẹ́sìn fúyẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ nínú sábà máa ń jẹ́ funfun, àwọ̀ mílíìkì tàbí eérú, ẹ sì lè rí ihò kéékèèké ní kọ̀rọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tí wọ́n ń dà á. Mọ́ọ̀dù sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò fún un kì í pẹ́ bàjẹ́. Tí wọ́n bá ti da bíi mélòó kan nínú rẹ̀, ó ti parí. Torí náà ó bá àwọn tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lára mu. Àwọn ilé iṣẹ́ Faransé bíi Starter àti Provence Moulage ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú 1/43.

Tí ara mọ́tò bá le, tó tín-ín-rín, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí tó ń tì láìsí wàhálà, síńkì tí ilé iṣẹ́ ńlá dà ni. Ìyẹn lè jẹ́ mọ́tò ọmọdé tí ẹnì kan tún kùn, tó sì tún rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Máágínẹ́ẹ̀tì ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Kì í fa síńkì, kì í fa white metal. Tí ẹ bá sì fi awò rí ìlà tín-ín-rín tó tò léra wọn látilẹ̀ dókè, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní 1975, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ.

Ẹ wá wọn àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ wá iye tí mọ́tò gidi jẹ́, kí ẹ fi èyí tí ẹ wọ̀n pín in. Porsche 917, bí àpẹẹrẹ, mìlímítà 2,300 ló jẹ́ láàárín táyà méjèèjì. Tí tiyín bá jẹ́ 53.5, ìwọ̀n 1/43 ni. Tó bá jẹ́ 48, ìwọ̀n 1/48 ni, ibi tí ẹ ó ti máa wá a sì yàtọ̀ pátápátá. Ìwọ̀n tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, bíi 1/15, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìra kíìtì. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni Gerald Wingrove ní England àti Michele Conti ní Turin. Níbẹ̀, ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan.

Abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà

Ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òkè mọ́tò ń dán, abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Tí lẹ́tà bá wà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ méjì péré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń da mọ́tò wọ̀nyí fẹ́ràn kí wọ́n máa fi orúkọ ara wọn ṣeré. AMR ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ André-Marie Ruf, ará Faransé. BBR ti Ítálì, orúkọ àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀ ní 1984 ni: Barindelli, Balestrini àti Reali. Mikansue ni Mike àti Sue Richardson, tọkọtaya, tí wọ́n so orúkọ wọn pọ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí lẹ́tà tí ẹ ò mọ̀, ẹ má wá ilé iṣẹ́ nìkan, ẹ wá èèyàn.

Orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sábẹ́ náà wúlò. John Hall bẹ̀rẹ̀ Brooklin Models ní 1974 ní ìlú Brooklin, ní Ontario, Kánádà. Ní 1979 ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bath ní England. Brooklin tí abẹ́ rẹ̀ sọ Kánádà ti dàgbà ju èyí tó sọ England lọ, àwọn olùkójọ sì mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ẹ rántí pé Brooklin ń ta mọ́tò tí wọ́n ti tò tán ní ilé iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá wá rí ọ̀kan tí ọ̀dà rẹ̀ ò bá èyíkéyìí tí wọ́n tà mu, ẹnì kẹta ti fọwọ́ kàn án nìyẹn, ẹ sì máa wá ẹni yẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí jíjọra tàn yín jẹ. SMTS, ilé iṣẹ́ kan ní Hastings ní England, da irin fún ọ̀pọ̀ orúkọ míì yàtọ̀ sí tiwọn. Mọ́tò méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lábẹ́ wọn, kí méjèèjì sì jẹ́ òótọ́.

Tí kò bá sí lẹ́tà kankan, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe abẹ́ náà. Bí ara mọ́tò bá jẹ́ white metal ṣùgbọ́n tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ páànù idẹ tàbí ike pẹlẹbẹ tí ẹnì kan gé, ẹni tó tò ó ló yọ ti kíìtì dànù. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn sì ti dín àwọn tí ẹ máa wá kù.

Ẹ wá dé orí súkúrù, tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Àwọn ará England tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí ń lo súkúrù BA, ìyẹn British Association, tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti mẹ́tríìkì. 8BA fẹ̀ tó mìlímítà 2.2, 10BA jẹ́ 1.7. Ní Faransé àti Ítálì, M2 ni ẹ máa bá pàdé, tó jẹ́ mìlímítà 2 géérégé. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n. Súkúrù BA lábẹ́ mọ́tò tí kíìtì rẹ̀ wá láti Ítálì túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ England ni wọ́n ti tò ó. Kò tíì di ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àmọ́ ó ti tọ́ka síbì kan.

Tí súkúrù bá wà, ẹ tú u, kí ẹ wo inú. Níbẹ̀ ni wọ́n máa ń fi orúkọ pa mọ́ sí: lẹ́tà méjì tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya sí ẹ̀yìn abẹ́ mọ́tò, ọdún tí wọ́n kọ sínú òrùlé, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó. Tó bá jẹ́ gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ipá ṣí i. Mọ́tò tó ti ya kò ní sọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó kéré jù

Mọ́tò ìje rọrùn láti fún ní ọjọ́ orí. Porsche 917 pupa àti funfun, nọ́ńbà 23, ni èyí tí Hans Herrmann àti Richard Attwood fi gba ipò kìíní ní ìje Le Mans ní oṣù kẹfà 1970. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ti ṣe mọ́dẹ́lì rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi kẹ́míkà gé, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà inú rímù, ọwọ́ wáípà àti irin bẹ́líìtì, kò wọ́pọ̀ nínú 1/43 títí ó fi di bíi 1980. Sítíkà tó bá ní orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bíi Cartograf ti Ítálì, náà ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹ̀yà tó kéré lọ́jọ́ orí jù ń sọ ìgbà tí ọwọ́ ìkẹyìn kan mọ́tò náà, kò sọ ti ọwọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀dà kì í purọ́ fún ọ̀dà

Ibi tí mo ti ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀.

Gbogbo akunmọ́tò ló ní bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti praimà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn. Ẹ wo inú ihò súkúrù, ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ńpà, ẹ wo etí fèrèsé láti inú. Ẹ máa rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ àwọ̀: eérú, funfun, pupa rúsúrúsú, tàbí yẹ́lò. Pupa tí wọ́n kùn lé funfun máa ń tan, èyí tí wọ́n kùn lé eérú máa ń ṣú. Ẹni tó bá ti rí praimà tó bá a lára mu kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo mọ ọ̀gá kan ní Ìbàdàn tí ó lo praimà kan ṣoṣo títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ọ̀dà fúnra rẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Tí ó bá rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, bóyá agolo ni wọ́n fi fín in, tàbí kí ọ̀dà náà ti ki jù. Tí ó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ tí ìlà ilẹ̀kùn ṣì mú ṣáṣá, ẹni náà ní ìbọn ọ̀dà kékeré, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà. Ọ̀dà sẹ́lúlóòsì máa ń sún kì bí ó ṣe ń dàgbà, tí ipa sáńpépà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá yọ síta lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ọ̀dà ẹnámẹ́lì máa ń gbára jọ sí etí. Níbi tí àwọ̀ méjì ti pàdé, ẹ fi èékánná rọra gba orí ìlà náà kọjá: òkè kékeré tí ẹ bá kàn ni etí sélótéèpù, apá tó ga ni wọ́n fín kẹ́yìn. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti funfun, àwọn kan láti pupa. Ìyẹn náà jẹ́ ìwà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ibi tí akunmọ́tò ti di mọ́tò mú nígbà tí ó ń fín in. Kò sí ẹni tó lè fi ìka mú un, torí náà wọ́n á lẹ igi, ìdérí ìgò tàbí téèpù mọ́ inú òrùlé. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ojú rẹ̀ á kù síbẹ̀ láìní ọ̀dà: róbótó, gígùn, onígun mẹ́rin. Ẹ tú abẹ́ mọ́tò méjì tí ẹ rò pé ẹnì kan náà ló tò wọ́n, ẹ wo inú òrùlé wọn. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè wo òkè mọ́tò kó ṣe irú rẹ̀. Èwo nínú wọn ló máa rántí inú òrùlé?

Mo máa yára níbi àwọn yòókù. Ìsopọ̀: léèdì tó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 70 Celsius ni àwọn ọ̀gá fi ń jó white metal pọ̀, àwọn míì ń lo gúlù Araldite, tó máa ń pọ́n bí ó bá dàgbà, àwọn míì súpà gúlù. Fèrèsé: súpà gúlù máa ń ta èéfín funfun sí ike, ẹni tó mọ̀ á lo gúlù funfun ti káfíńtà. Ìlà ilẹ̀kùn: ṣé dúdú ni wọ́n fi kùn ún ni, tàbí búráùn, tàbí wọ́n kàn fi í sílẹ̀? Irin dídán: ṣé fọ́ìlì ni, ṣé ọ̀dà fàdákà ni? Ẹ gbé e sórí gíláàsì: ṣé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀?

Ìwà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó ń lo praimà yẹ́lò pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwà mẹ́ta tí kò kan ara wọn bá pàdé nínú mọ́tò méjì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí èèyàn nìyẹn. Báyìí náà ni wọ́n ṣe mọ àwọn agbẹ́gilére wa. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wá sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. British Museum ló wà báyìí. Lónìí, gbogbo ayé mọ̀ pé Olówè Ìsẹ̀ ni. Ère rẹ̀ máa ń yọ jáde kúrò lára pákó bíi pé wọ́n fẹ́ máa rìn lọ, ẹni tó bá sì ti mọ ojú ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì í mọ́.

Porsche nọ́ńbà 23 kan wà nínú àpótí àgbájọ tí mo rà ní gbàǹjo kan níbí. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Inú òrùlé rẹ̀ ní ojú róbótó kan, praimà rẹ̀ yẹ́lò, bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ fọ́ìlì òjé tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu ìgò wáìnì nígbà kan. Mo tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, baba àgbà kan fi mọ́tò ìje rẹ̀ hàn mí, Ferrari ni, ilé iṣẹ́ míì ló ta kíìtì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Rìsíìtì Ferrari tiẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó tò ó ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì ní ìwé kékeré tí baba rẹ̀ fi ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, Porsche náà sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ilé ẹlòmíràn ni ìwé yẹn wà.

Páálí àti ẹnu àgbà

Páálí kì í ṣe ẹ̀rí bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá jẹ́rìí sí i. Wọ́n máa ń pààrọ̀ páálí bí ẹni pààrọ̀ ṣọ́ọ̀sì. Rìsíìtì ló lágbára, àti lẹ́tà tí oníbàárà àti ẹni tó tò ó kọ síra wọn, àti ìwé iye owó tí àwọn tó ń ta kíìtì máa ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá ìwé kankan bá a wá. Wọ́n máa ń jù ú nù torí pé kò dán.

Ẹ gbé mọ́tò náà lọ sí ọjà mọ́tò kékeré, irú èyí tó máa ń wáyé ní pápá ìje ẹṣin Sandown Park ní England. Àwọn baba tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìgbà John Day. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan kékeré, kí ẹ tó yọ tiyín jáde. Ẹ má sì fi orúkọ sí wọn lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ pé, "Àbí lágbájá ló tò ó?", wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè máa lọ. Ẹ fi abẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, ẹ dákẹ́. Ẹ bi ẹni méjì tí wọn ò sí nítòsí ara wọn. Tí wọ́n bá dárúkọ kan náà láìgbọ́ ti ara wọn, ó tó ẹ mú relé.

Tó bá jẹ́ igi, tí kò sì jọ mọ́tò kankan

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, tiyín rèé. Ẹ lè rí mọ́tò onígi ní ilé gbàǹjo, ìwọ̀n 1/12, ọ̀dà rẹ̀ dán gbinrin, ẹ wá gbogbo ìwé, kò jọ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ṣe rí. Ẹ má bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Fisher Body Craftsman's Guild, ìdíje tí ẹ̀ka Fisher Body ti General Motors gbé kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti 1930 títí di 1968. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ọba Napoleon ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe. Láti 1937 wọ́n fi mọ́tò kún un, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ro tirẹ̀ látinú orí rẹ̀. Ìdí tí kò fi jọ mọ́tò gidi nìyẹn. Owó ilé ẹ̀kọ́ yunifásítì ni ẹ̀bùn ńlá rẹ̀. Chuck Jordan, tó wá di olórí àwọn ayàwòrán mọ́tò ní General Motors, gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1947.

Níbí, ọmọ kan ṣoṣo ló ni ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹ ṣe máa wá a sì yàtọ̀. Ìwé ìròyìn ìlú ló máa ń gbé orúkọ àti fọ́tò àwọn tó gba ẹ̀bùn ní ìpínlẹ̀ wọn jáde, tí mọ́tò wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rí mọ́tò náà, ní ìlú náà gan-an, kí ẹ wo ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé wọn, kí ẹ fi ìrísí mọ́tò inú fọ́tò wé tiyín. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ní irú àwọn mọ́tò wọ̀nyí, ẹ lè fi wo bí wọ́n ṣe ń ṣe rímù àti iná iwájú. Ẹni tó tà á fún yín, ẹ bi í ilé ta ni ó ti jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tó ṣe é tọ́jú rẹ̀ títí ó fi di baba àgbà.

Ohun tí ẹ máa kọ

Níkẹyìn iṣẹ́, ẹ mú bébà, kí ẹ ya ọwọ́ mẹ́ta náà sọ́tọ̀: ẹni tó gbẹ́ àwòṣe, ẹni tó dà á, ẹni tó tò ó. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta yìí. "Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀", tí ẹ bá rí i kà. "Ìwé jẹ́rìí sí i", tí rìsíìtì tàbí àkọsílẹ̀ bá wà. "Ó jọ ọwọ́ rẹ̀", tó bá jẹ́ ìwà ọwọ́ nìkan ló tọ́ka sí i, kí ẹ sì dárúkọ ìwà náà. Èyí tí ẹ ò mọ̀, ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín á máa fẹ́ kí ẹ gbé "ó jọ" ga di "òun ni". Ẹ má gbà fún un, kódà bí owó bá máa tìtorí rẹ̀ gbéra.

Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ẹni tó sọ ohun tó sọ, ẹ fi àwọn fọ́tò tí ẹ yà kí ẹ tó fọ̀ ọ́ sí i. Ẹ má lẹ bébà náà mọ́ mọ́tò. Gúlù á jẹ ọ̀dà. Inú àpò ìwé nínú páálí ni kó wà. Ó kù sọ́wọ́ yín báyìí tí ẹ bá fẹ́ fọ eruku rẹ̀.